Kí A Tó Gbé Ìgbálẹ̀ Lọ sí Ọgbà Ìgbafẹ́

Ó ti di àṣà báyìí pé bí àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ Mùsùlùmí bá fẹ́ sin ìlú, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn ni kí wọ́n kó ìgbálẹ̀ lọ sí pápá tàbí ọgbà ìgbafẹ́ tó wà ládùúgbò. Bàbá, ìyá àti ọmọ ló ń bá wọn lọ. Iṣẹ́ rere ni, a kò sì ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni dá a dúró. Ṣùgbọ́n àwa tí à ń rí sí abala ìlera yìí ti kíyè sí ohun méjì. Èkíní ni pé òkìtì pàǹtí máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà ọgbà náà lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn bá ti ya fọ́tò tán tí wọ́n ti gba ilé lọ. Òjò kan ṣoṣo á sì dá gbogbo rẹ̀ padà síbi tí wọ́n ti ṣà á. Èkejì ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìgbà tí ẹnì kan kì í fọwọ́ tàbí fẹsẹ̀ gbọgbẹ́ níbẹ̀, ọmọdé ló sì máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà.

Nítorí náà, bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà ni a fẹ́ sọ lónìí. Lójú tiwa, kò tí ì parí nígbà tí ojú ọgbà bá mọ́. Ìgbà tí pàǹtí bá dé ibi tó yẹ kó dé, tí àwọn tó ṣà á sì padà sílé ní àlàáfíà, nígbà náà ló parí. Bí a gbálé, bí a gbáta, ààtàn ni à ń da ilẹ̀ sí, bí àwọn àgbà ti wí. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí ààtàn wà kò tí ì yẹ kó mú ìgbálẹ̀.

Àwọn tó dàgbà ní Ìbàdàn mọ ohun tí à ń sọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, òjò ńlá rọ̀, odò Ògùnpa kún àkúnya, ó wọlé, ó wó ilé, ó gbé ọkọ̀ lọ, ènìyàn tó lé ní 200 sì bá a rìn. Kì í ṣe òjò nìkan ló fà á. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń da ilẹ̀ sínú odò náà, tí wọ́n sì ń kọ́lé sí etí rẹ̀, nígbà tí omi wá dé, kò rí ọ̀nà gbà. Lára ohun tó bà jẹ́ lọ́jọ́ náà ni ọgbà Agodi, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, níbi tí àwọn òbí ti máa ń mú ọmọ lọ wo ẹranko. Omi gbé púpọ̀ nínú àwọn ẹranko náà lọ, ó sì lé ní 30 ọdún kí wọ́n tó tún ọgbà náà ṣe. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn, ó tún pa ènìyàn tó lé ní 100. Ọ̀rá omi tí ọmọ kan mu tán tó sọ sílẹ̀ kì í dúró síbi tó sọ ọ́ sí. Afẹ́fẹ́ á gbé e dé gọ́tà, gọ́tà á gbé e dé odò.

Ní ti ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ka mímú ohun tó lè ṣeni léṣe kúrò lójú ọ̀nà mọ́ ara ẹ̀ka ìgbàgbọ́, ó sì kìlọ̀ gidigidi fún ẹni tó ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ sójú ọ̀nà tàbí sábẹ́ ibòòji tí àwọn ènìyàn ń sinmi sí. Kí ni ọgbà ìgbafẹ́ bí kò ṣe ibòòji tí gbogbo àdúgbò jọ ń sinmi sí?

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó wà nínú pàǹtí gan-an, nítorí ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń ṣà kò ní mọ ibi tí yóò ti ṣọ́ra. Agolo, ike, ìdérí ìgò, táyà àlòkù, gbogbo wọn ló ń gba omi òjò dúró. Ọ̀pọ̀ wa rò pé ẹ̀fọn kan náà ni gbogbo ẹ̀fọn. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Èyí tó ń kó ibà tí gbogbo wa mọ̀ ràn wá, tó ń jẹni lóru, adágún omi orí ilẹ̀ ló fẹ́ràn láti yé sí. Òmíràn wà tó ní ilà funfun lẹ́sẹ̀. Ojúmọmọ ni ìyẹn ń jẹni, nígbà tí àwọn ọmọ wà lórí jangílófà, inú agolo àti táyà ló sì ń yé sí. Òun ló ń gbé ibà pọ́njú-pọ́njú àti ibà dengue kiri. Ìdérí ìgò kan tó gba omi díẹ̀ ti tó o. Ẹyin rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ara agolo, díẹ̀ sókè ibi tí omi dé, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn tí omi ti gbẹ, títí òjò mìíràn yóò fi dé. Nítorí náà, ẹni tó da omi inú agolo nù tó sì fi agolo sílẹ̀ kò tí ì ṣe nǹkan kan. Agolo náà ni kó kúrò níbẹ̀. Nígbà tí ojú ọjọ́ bá gbóná, bí ọjọ́ 7 sí 10 ti tó kí ẹyin di ẹ̀fọn tó ń fò. Èyí ló fà á tí ìmọ́tótó ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún kò fi lè rí ẹ̀fọn gbé ṣe.

Àwọn bàbá wa kò gbàgbé wolé-wolé, tó máa ń ṣí ìdérí àmù wò bóyá tanwíji wà nínú omi. Àwọn ènìyàn bẹ̀rù rẹ̀, wọ́n tún ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń wá kò yàtọ̀ sí ohun tó yẹ kí àwa náà máa wá nínú ọgbà lónìí.

Oúnjẹ tó ṣẹ́kù sínú ọ̀rá àti abọ́ ni eku ń wá. Irú eku kan wà tó ń ti inú igbó wọ àárín ilé wa, òun ló ń gbé ibà Lassa kiri, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ló sì ń kó o ran ènìyàn. Bí a bá rí ìgbẹ́ eku níbi tí pàǹtí ti pẹ́, bí abẹ́ ìjókòó tàbí ẹ̀yìn ògiri, kí a má ṣe gbá a ní gbígbẹ, kí eruku rẹ̀ má bàa fò sí wa nímú. Omi tí a po bílíìṣì mọ́ ni kí a kọ́kọ́ wọ́n sí i, kí a dúró díẹ̀, kí a tó fi ṣọ́bìrì kó o. Ìgbẹ́ ènìyàn náà wà níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa jẹ. Nínú rẹ̀ ni àrùn onígbáméjì ti ń wá, àti irú aràn kan tó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọ ara ẹni tó bá ń rìn láìwọ bàtà.

Ọ̀rọ̀ ìṣó àti irin tó ti dógùn-ún nílò àlàyé díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ògùn-ún ara irin ló ń fa tẹ́tánọ́ọ̀sì, àìsàn tó máa ń ti ẹnu ẹni pa tí ọrùn àti ẹ̀yìn á sì gan. Kì í ṣe ògùn-ún náà. Inú ilẹ̀ àti inú ìgbẹ́ ẹran ni kòkòrò rẹ̀ ń gbé, ohunkóhun tó bá sì gún ni wọlé, ìbáà ṣe ẹ̀gún, ìbáà ṣe àfọ́kù ìgò tó mọ́ lójú, lè gbé e wọ inú ara. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà. Ní Nàìjíríà, àwọn ọmọ ọwọ́ ń gbà á mọ́ àwọn àjẹsára tí wọ́n ń gbà ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 lẹ́yìn ìbí wọn, àwọn ìyá náà sì ń gbà á nígbà tí wọ́n bá lóyún. Ta ló wá kù? Àwọn bàbá. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ń gbé ṣọ́bìrì lọ sí ọgbà kò gba abẹ́rẹ́ yìí mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọdé. Kí ẹ̀yin alága ẹ̀ka bi àwọn ènìyàn yín léèrè ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́, kí ẹ sì rán àwọn tó bá yẹ lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé tó súnmọ́ yín.

Ó yá, ìmúrasílẹ̀. Ta ló ni ọgbà náà? Èyí ni ìbéèrè àkọ́kọ́, nítorí àwọn ọgbà kan wà lábẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀, òmíràn wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, àwọn mìíràn sì jẹ́ ti ẹgbẹ́ onílé àdúgbò. Ní Èkó, ìjọba ní àjọ kan tó ń bójú tó ọgbà àti igi, LASPARK. Ẹ kọ ìwé sí ẹni tó ni í, kí ẹ gba àṣẹ, kí ẹ sì béèrè ọjọ́ tí ọkọ̀ akólẹ̀ ń gba ibẹ̀ kọjá. Ọjọ́ ọkọ̀ ni kó pinnu ọjọ́ iṣẹ́. Kí a má ṣe mú ọjọ́ tó wù wá tán kí a tó wá máa bẹ ọkọ̀. Àwọn kan fẹ́ràn Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, nítorí ó ti mọ́ wa lára láti ìgbà ìjọba ológun, tí wọ́n sọ gbálẹ̀-gbádọ̀tí di dandan. Ní Èkó, ìjọba fòpin sí dídí ènìyàn lọ́wọ́ ìrìn ní ọjọ́ náà ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ṣì dára fún iṣẹ́ bí ọkọ̀ bá lè wá.

Kí ẹni méjì tàbí mẹ́ta lọ wo ọgbà náà ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Ohun tí wọ́n ń wá ni ibi tí àfọ́kù ìgò pọ̀ sí, ibi tí àwọn amugbó máa ń jókòó sí, nítorí a lè rí abẹ́rẹ́ níbẹ̀, ibi tí koríko ga tí ejò lè wà, àti ibi tí ojú gọ́tà ṣí sílẹ̀ sí. Kí wọ́n so aṣọ pupa mọ́ àwọn ibẹ̀. Àgbàlagbà nìkan ni yóò wọ ibi tí aṣọ pupa bá wà. Kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní kùtùkùtù lẹ́yìn ìrun àsùbáà, nígbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́ dáadáa, kó sì parí kí oòrùn tó mú. Wákàtí 2 sí 3 ti tó. Ẹni tó bá ti rẹ̀ ni kì í wo ibi tó ń tọwọ́ bọ̀ mọ́.

Ọmọdé ńkọ́? A fẹ́ kí wọ́n wá, nítorí ọmọ tó bá ti ṣa ọ̀rá nínú ọgbà rí kì í tètè sọ tirẹ̀ sílẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bébà, ọ̀rá omi àti ìgò oníke ni tiwọn, lórí koríko tí àgbàlagbà ti kọ́kọ́ rìn yẹ̀ wò. Kí a kọ́ wọn ní gbólóhùn kan ṣoṣo kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀: bí o bá rí ohun tó mú ṣóńṣó tàbí ohun tí o kò mọ̀, dúró, nawọ́ sókè, pe àgbà. Àwọn aboyún lè bójú tó omi, oúnjẹ àti orúkọ àwọn tó wá, iṣẹ́ ńlá ni ìyẹn náà.

Ní ti aṣọ, bàtà tó bo ẹsẹ̀ pátá ni, kì í ṣe sílípáàsì. Ìbọ̀wọ́ pẹlẹbẹ tí àwọn nọ́ọ̀sì ń lò kò lè dá àfọ́kù ìgò dúró. Èyí tó nípọn, tí àwọn bíríkìlà ń lò, ni kí a rà. Ẹ̀yin arábìnrin, jìlíbáàbù gígùn máa ń gbá ilẹ̀, ó sì máa ń há mọ́ ẹ̀gún. Ẹ wọ ṣòkòtò gbọọrọ sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá ká etí rẹ̀ sókè kí ẹ fi ọ̀já so ó. Ìgbálẹ̀ tí a so mọ́ ọ̀pá gígùn kò ní jẹ́ kí ẹ̀yìn dunni. Àpò ìrẹsì tó ti ṣófo dára ju ọ̀rá dúdú lọ, torí ìgò kì í tètè gún un ya. Kí a má kún un ju ìdajì lọ, kí a má sì gbé e sí èjìká tàbí fi í gbára. Kí ọwọ́ jìnnà sí itan bí a bá ń gbé e. Bárò kan tàbí méjì ti tó fún ọgbà kékeré. Bí a bá fẹ́ gbé òkìtì tó ti pẹ́ nílẹ̀, ọ̀pá ni kí a kọ́kọ́ fi rú u, kí ejò àti àkekèé rí ọ̀nà sá lọ. Ẹni tí ejò bá bù jẹ, ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni, kí ẹnikẹ́ni má fi abẹ gé ojú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì fẹnu fa á.

Abẹ́rẹ́ ni kí a dúró lé lórí díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìpalára ńlá wà. Kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hepatitis B lè wà láàyè níta ara ènìyàn fún ọjọ́ 7, ó kéré tán, nínú ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ tí ojú kò tilẹ̀ rí. Kí a wá ike tó nípọn tó ní ẹnu fífẹ̀ àti ìdérí, kí ẹnì kan ṣoṣo máa gbé e kiri. Bí wọ́n bá rí abẹ́rẹ́, ike náà ni kí wọ́n gbé lọ bá abẹ́rẹ́, kì í ṣe kí wọ́n gbé abẹ́rẹ́ rìn wá bá ike. Ẹ̀mú ni kí wọ́n fi mú un, kí wọ́n má gbìyànjú láti dé e padà, kí wọ́n má sì ṣẹ́ ẹ. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, kí wọ́n dé ike náà pa, kí wọ́n gbé e lọ fún ilé ìwòsàn tó ti gbà tẹ́lẹ̀ láti bá wọn sun ún. Ẹni tí abẹ́rẹ́ bá gún kò gbọdọ̀ fẹnu mu ojú rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ máa fún ẹ̀jẹ̀ jáde. Omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ ni kó fi fọ̀ ọ́, kó sì dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV wà, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 72 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Bó bá ṣe yá tó ló ṣe dára tó. Ojú kì í ti ènìyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀dọ́ tó bá pa á mọ́ra nítorí kò fẹ́ kí wọ́n ṣọ̀rọ̀ òun ń fi ara rẹ̀ wewu.

Bí a ṣe ń ṣà á ni kí a máa yà á sọ́tọ̀. Ìgò oníke àti agolo ní olùrà, ìwọ̀n kílò ni wọ́n fi ń rà á, owó rẹ̀ sì lè ra ìbọ̀wọ́ fún ìgbà mìíràn. Bí àwọn tó ń ṣa ike kiri bá wà ní àdúgbò, kí a fún wọn. Oúnjẹ òòjọ́ wọn ni. Abọ́ fóòmù funfun kò ní olùrà, ó sì máa ń fọ́ wẹ́wẹ́ bí a bá fi ìgbálẹ̀ gbá a, ọwọ́ ni kí a fi ṣà á. Ìjọba Èkó ti fòfin dè é láti oṣù kìíní ọdún 2024, síbẹ̀ a ṣì ń rí i. Ìwé tí orúkọ Ọlọ́hun tàbí ọ̀rọ̀ Alukùránì wà lára rẹ̀, bí kàlẹ́ńdà àti ìwé ìpè nikáà, kí a ní àpò kan lọ́tọ̀ fún un, kí a fi lé Ààfáà lọ́wọ́. Kí ẹnikẹ́ni má dáná sun ìyókù. Èéfín ike àti ọ̀rá ní májèlé nínú, àwọn tó ní ásímà àti àwọn ọmọ ọwọ́ tó wà nínú ilé tó yí ọgbà ká ló sì ń fà á símú. A kò lè sọ pé a ń tún àyíká ṣe kí a wá fi afẹ́fẹ́ rẹ̀ ṣòfò.

Ọkọ̀ lè má dé lásìkò. Kí a ti pinnu tẹ́lẹ̀ pé àwọn àpò kò ní wà lẹ́bàá gọ́tà; orí ilẹ̀ tó ga ni kí wọ́n wà, kí a so ẹnu wọn, kí a fi tapólì bò wọ́n, kí ẹni méjì sì jẹ́ ìpè ọkọ̀ náà títí yóò fi dé. Kí a kọ orúkọ àwọn méjèèjì sílẹ̀. Ohun tí kò bá ní olórúkọ, òun ni òjò máa ń gbé.

Ìkọkúkọ lára ògiri tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹ̀dá iṣẹ́ yìí yàtọ̀ sí ṣíṣa pàǹtí, ìkánjú kò sì dára nínú rẹ̀. Kí a kọ́kọ́ béèrè. Àwòrán kan lè jẹ́ èyí tí ìjọba tàbí àdúgbò gbà kí ayàwòrán yà síbẹ̀. Òmíràn lè jẹ́ àmì ẹgbẹ́ òkùnkùn; irú èyí, kí a má fọwọ́ kàn án títí a ó fi sọ fún baálẹ̀ àti àwọn agbófinró, kí àwọn ọmọdé má sì sí nítòsí. A ti rí ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti fi ìgboyà nìkan pa irú àmì bẹ́ẹ̀ rẹ́, tí wọ́n sì wá ń fi ẹ̀yìn rìn lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan.

Èyí tí wọ́n fi èédú tàbí ṣọ́ọ̀kì kọ kò ṣòro: búrọ́ọ̀ṣì, omi àti ọṣẹ. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, ti olóṣèlú, ti olóògùn ìbílẹ̀, ti wáàsí, ti ìpàdé àdúrà, nítorí gbogbo wọn ló wà níbẹ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí a fi rin ín, kí a dúró bí ìṣẹ́jú 10, kí a wá fi pákó pẹlẹbẹ họ ọ́. Irin máa ń họ ọ̀dà ògiri mọ́ ọn. Ọ̀dà inú agolo tí wọ́n fín sára sìmẹ́ńtì ló le. Ó ti wọ inú ihò kéékèèké ara sìmẹ́ńtì, fífọ̀ kì í sábà mú un kúrò. Ó sàn kí a kun ògiri náà. Kí a kọ́kọ́ fọ eruku rẹ̀, kí ó gbẹ, kí a fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ kùn ún kí àwọ̀ tó wà nísàlẹ̀ má bàa yọ padà, kí a tó wá fi èyí tó bá ìyókù ògiri mu lé e. Kí a sì má jẹ́ kó pẹ́. Ohun tí ojú wa ti rí ni pé ògiri tí wọ́n kọ nǹkan kan sí tí ẹnikẹ́ni kò pa rẹ́ kì í pẹ́ tí ọwọ́ mìíràn yóò fi kọ tirẹ̀ sí i.

Bí ó bá jẹ́ ara irin jangílófà tàbí àga onírin ni wọ́n kọ ọ́ sí, kí a ṣọ́ra gidigidi. Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú. Òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, àwọn onímọ̀ ìlera àgbáyé sì sọ pé kò sí ìwọ̀n rẹ̀ kankan, bó ti wù kó kéré tó, tí a mọ̀ pé kò léwu. Bí a bá fi búrọ́ọ̀ṣì onírin tàbí bébà onísàǹdì họ ọ̀dà náà ní gbígbẹ, ìyẹ̀fun rẹ̀ á bọ́ sílẹ̀, sórí ilẹ̀ tí ọmọ yóò fọwọ́ pa tí yóò sì ti ọwọ́ náà bọnu. Nítorí ìkọkúkọ kan, a ti fi májèlé sí ibi ìṣeré. Bí ọ̀dà rẹ̀ kò bá tí ì ṣí, kí a kun òmíràn lé e. Bí ó bá ti ń ṣí, kí a pe ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, kí àwọn ọmọ má sì gùn ún títí yóò fi parí.

Kí ẹnikẹ́ni má fi epo bẹntiróòlù pa ìkọkúkọ rẹ́. Tínà lè ṣe é lára irin tàbí táìsì, díẹ̀díẹ̀ lórí àkísà, ní ìta gbangba, kí iná, sìgá àti ọmọdé jìnnà síbẹ̀. Aṣọ tí a fi bo imú kì í dá òórùn rẹ̀ dúró, eruku nìkan ló ń dá dúró. Ẹni tí orí bá ń fọ́ tàbí tí òòyì bá ń kọ́ gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀. Àkísà tí a fi nù ún, kí a sá a sílẹ̀ kó gbẹ, kí a má dì í jọ, kí a má sì da ìyókù tínà sínú gọ́tà.

Bí wọ́n bá ń pe ìrun báyìí tí iṣẹ́ sì ń parí lọ, ẹ jẹ́ kí a rántí pé aluwàlá nìkan kò tó fún ọwọ́ tó ṣa pàǹtí. Omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ ni kí a kọ́kọ́ fi fọ ọwọ́ dé ìgbúnwọ́, àárín ìka àti abẹ́ èékánná, kí a tó ṣe aluwàlá wa. Kí ẹnikẹ́ni má jẹun, kí ẹnikẹ́ni má mu omi kó tó fọwọ́. Ẹnu ọ̀nà ilé ni bàtà yóò dúró, aṣọ iṣẹ́ náà kò sì gbọdọ̀ bá ti àwọn ọmọ wọ inú abọ́ ìfọṣọ kan náà. Ẹni tí ibà bá mú láàárín ọ̀sẹ̀ 3 lẹ́yìn náà, kó sọ fún dókítà pé òun ṣa pàǹtí, kó má kàn lọ ra oògùn ibà ní ṣọ́ọ̀bù.

Ó ku ibi tí àwọn ènìyàn yóò máa sọ ilẹ̀ sí lẹ́yìn tí a bá lọ. Ìtòsí àga àti ìtòsí olóúnjẹ ni garawa pàǹtí yẹ kó wà, nítorí ibẹ̀ ni ọwọ́ ti ń tú ọ̀rá; èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà nìkan kò wúlò fún ẹni tó jókòó sábẹ́ igi. Kí ó ní ìdérí tí adìyẹ àti ajá kò lè ṣí. Bí ó bá jẹ́ dúrọ́ọ̀mù àlòkù ni ẹgbẹ́ fẹ́ fi ta ọgbà lọ́rẹ, kí wọ́n wádìí pé kì í ṣe èyí tó gbé kẹ́míkà rí, kí wọ́n gé orí rẹ̀, kí wọ́n tẹ etí rẹ̀ wọlé kó má gé ọmọ lọ́wọ́, kí wọ́n sì lu ihò mẹ́rin tàbí márùn-ún sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí omi òjò má bàa dúró sínú rẹ̀ kó di ilé ẹ̀fọn.